Ṣé Àgbọ̀n Ọmọ Yín Yẹ̀ Ni, àbí Ó Ṣì Ń Dàgbà?

A ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí eyín àti pákò rí. Lọ́tẹ̀ yìí, oríkèé tó ń gbé gbogbo eyín ìsàlẹ̀ lọ sókè sódò ni a fẹ́ yẹ̀ wò, ìyẹn oríkèé àgbọ̀n tó wà níwájú etí. Ohun tó mú wa yàn án ni ìdààmú kan tó ń bá àwọn ìdílé láti ìgbà tí àwòrán X-ray ti di ohun tí ènìyàn ń gbà sórí fóònù, tó sì ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí kí dókítà tó rí i.

Arábìnrin wa kan ní Ìbàdàn mú ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Eyín iwájú ọmọ náà ń hù gun ara wọn, dókítà sì fẹ́ mọ ibi tí àwọn eyín tí kò tíì yọ wà nínú eegun. Wọ́n kọ ìwé fún wọn, wọ́n lọ ya àwòrán náà níbòmíràn. Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wo àwòrán ọ̀hún, ó ní, "Màmá, ẹ wò ó, oríkèé ọ̀tún yìí kò jókòó sínú ihò rẹ̀ o. Ó tún kéré ju ti òsì lọ."

Kò ju gbólóhùn méjì lọ. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ wọn tó dé ilé, àwòrán náà ti dé ọ̀dọ̀ bàbá ọmọ níbi iṣẹ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ìwó, ó ti dé ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá tó ń ta oògùn. Ìyá àgbà ní eegun ẹran tí ọmọ náà fẹ́ràn láti máa fọ́ jẹ ló fà á, àwọn sì ti ń wí i tipẹ́. Àbúrò bàbá ní òun mọ ẹnì kan tó ń to eegun, pé tí wọ́n bá tètè mú un lọ, yóò fà á padà sáyè rẹ̀. Bàbá ọmọ kò sùn mọ́jú. Ó ń wo íntánẹ́ẹ̀tì títí tó fi kan ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún àgbọ̀n àwọn àgbàlagbà. Ọmọ tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ lé lórí jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Kò sí ibì kankan tó ń dùn ún.

Ohun tí ó wà lábẹ́ ìka yín

Ẹ fi ìka yín síwájú etí yín lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ la ẹnu, kí ẹ sì pa á dé. Ohun tó ń lọ síwájú sẹ́yìn lábẹ́ awọ yẹn ni orí eegun àgbọ̀n. Ó wà nínú kòtò kékeré kan lábẹ́ eegun orí, bí orí ọmọ odó ṣe ń wà nínú odó, àfi pé ọmọ odó tiwa yìí kì í dúró sójú kan. Tí a bá la ẹnu díẹ̀, ó ń yí nínú kòtò. Tí a bá là á gidi, ó ń yọ́ síwájú, ó ń gun orí gegele kékeré kan tó wà níwájú kòtò náà, lẹ́yìn náà ó ń padà. Láàárín eegun méjèèjì, ohun rírọ̀ kan wà bíi tìmùtìmù tí kì í jẹ́ kí wọ́n ha ara wọn. X-ray kì í rí tìmùtìmù yìí rárá. Eegun nìkan ló ń rí.

Nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ ìyá wa Àíṣà (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí wọn), Ànọ́bì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá wọn) jẹ́ ká mọ̀ pé oríkèé 360 ni Ọlọ́hun dá mọ́ ọmọ Ádámọ̀, àti pé gbígbé Ọlọ́hun tóbi, yíyìn Ín àti títọrọ àforíjìn wà lára ohun tí a fi ń san ọpẹ́ wọn. Ẹnu ni a fi ń ṣe púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí. Méjì péré nínú gbogbo oríkèé wọ̀nyẹn, ti ọ̀tún àti ti òsì, ló ń la ẹnu náà fún wa, láti ìrun Súbúhì títí di ìgbà tí a bá fẹ́ sùn.

Oríkèé yìí kì í wáyé ní pípé. Nínú ọmọ tuntun, ibi tó yẹ kí kòtò wà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, gegele iwájú rẹ̀ kò sì tíì yọ. Ó bá iṣẹ́ ọmọ ọwọ́ mu bẹ́ẹ̀, nítorí ọmú ló ń mu, àgbọ̀n rẹ̀ sì ní láti máa lọ síwájú sẹ́yìn wẹ́rẹ́ láìsí ìdíwọ́. Nígbà tí eyín bá ń hù, tí ọmọ bá kúrò lórí ògì tó bọ́ sórí ìrẹsì, iṣu àti ẹran, ni kòtò ń jinlẹ̀, tí gegele ń ga. Tí ọmọ bá fi pé ọmọ ọdún 10, gegele náà ti kọjá ìdajì gíga rẹ̀, ṣùgbọ́n ó di nǹkan bí ọmọ 20 ọdún kó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ẹ rí i pé tí a bá gbé àwòrán ọmọ ọdún mẹ́jọ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán ìyá rẹ̀, kò sí bí wọn kò ṣe ní yàtọ̀. Kòtò tọmọ kò jìn tó ti ìyá, òkè rẹ̀ kò ga tó, ẹni tí kò mọ̀ á sì rò pé nǹkan kan ti jẹ ẹ́.

Orí eegun àgbọ̀n náà ńkọ́? Nínú ọmọdé, eegun rírọ̀, irú èyí tó wà nínú etí tí a fi lè ká etí wa, ló bo orí rẹ̀. Ibẹ̀ ni àgbọ̀n ti ń rí gígùn kún gígùn rẹ̀. Eegun rírọ̀ yìí pẹ̀lú kì í hàn lórí X-ray, nítorí náà àlàfo tó wà láàárín orí eegun àti kòtò máa ń dà bí ẹni pé ó fẹ̀ jù. Lórí àwòrán àgbàlagbà, ìlà funfun kan máa ń yí orí eegun náà ká bí etí àwo. Lára ọmọdé, ìlà yìí kì í sábà sí, ojú ibẹ̀ sì máa ń rí bàìbàì. Ìgbà ìbàlágà ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn, ó sì lè kọjá ọmọ 20 ọdún kó tó yí i ká tán. Bí ìlà náà bá ti wà tẹ́lẹ̀ lára àgbàlagbà, tó wá parẹ́, dókítà á fura sí àrùn oríkèé. Bí ọmọ ọdún mẹ́jọ kò bá ní in, àsìkò rẹ̀ ni kò tíì tó.

Ìrísí orí eegun náà tún yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì. Ti ẹlòmíràn yípo bí àgbálùmọ̀. Ti ẹlòmíràn gùn bí ẹyin, ti ẹlòmíràn tẹ́ lókè, ti ẹlòmíràn sì rí ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ. Àwọn kan wà tí ojú ọ̀nà kékeré kan là á láàárín tí yóò fi dà bí ẹni pé orí méjì ló ní. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbó kó tọ́ láìmọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni tòun rí, àfi tí wọ́n bá ya X-ray nítorí nǹkan mìíràn. Lára ẹnì kan ṣoṣo náà, ti ọ̀tún àti ti òsì kì í dọ́gba pátápátá. Ẹ lọ bi ẹni tó ń rán bàtà bóyá ó ti wọn ẹsẹ̀ méjì rí tí ìkan kò fi díẹ̀ ju èkejì lọ. Súrátul-Infitọ́ọ̀rì sì ti rán wa létí pé bí Ọlọ́hun ṣe fẹ́ ni Ó ṣe to ìrísí ènìyàn pọ̀.

Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ Ìbàdàn yìí gan-an wà nìyí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i.

Àwòrán tí wọ́n ya fún un ni èyí tó ń gba gbogbo eyín àti àgbọ̀n láti etí kan dé èkejì. Àwọn dókítà ń pè é ní OPG. Yrjö Paatero, ọmọ ilẹ̀ Finland, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ gidi kí irú ẹ̀rọ yìí tó dé ọ̀dọ̀ wa, láti ìparí àwọn ọdún 1940. Ọmọ á dúró, á gbé àgbọ̀n lé ibi kan, á fi eyín iwájú di ike kékeré kan mú, ẹ̀rọ á sì yí orí rẹ̀ ká fún bí ìṣẹ́jú àáyá 15. Láàárín àkókò yẹn, kò gbọ́dọ̀ mira.

Ẹ wo ike kékeré yẹn dáadáa. Kí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ tó lè dì í mú ní ọgbọọgba, ọmọ ní láti la ẹnu díẹ̀, kó sì sún àgbọ̀n síwájú. Tí àgbọ̀n bá sì sún síwájú, a ti sọ ọ́ lókè pé orí eegun á yọ́ kúrò nínú kòtò, á máa lọ sórí gegele. Nítorí náà, ọmọ tó wà nínú ẹ̀rọ náà tí oríkèé rẹ̀ "kò jókòó sínú ihò" ń ṣe ohun tí ẹ̀rọ ní kó ṣe gẹ́lẹ́ ni. Kò sí dókítà tó mọṣẹ́ tó máa fi irú àwòrán yìí nìkan sọ pé oríkèé ọmọ yẹ̀.

Èkejì ni pé ọmọ kì í ṣe òpó. Tó bá yí ojú díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti wo ìyá rẹ̀, ìhà kan á tóbi lórí àwòrán, ìhà kejì á sì kéré. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ máa ń mú kí nǹkan tóbi ju bó ṣe rí lọ, kì í sì í ṣe ní ìwọ̀n kan náà níbi gbogbo. Ẹ wo eyín ẹ̀yìn ọ̀tún àti òsì lórí àwòrán kan náà. Bí gbogbo eyín òsì náà bá fẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, orí tó yí ló fà á, kì í ṣe eegun.

Ẹ̀kẹta kan àwa Músùlùmí ní tààrà. Yẹtí, ẹ̀wọ̀n ọrùn àti pín-ìn-nì tí a fi ń di híjáàbù máa ń ṣe ohun tó ń dẹ́rù bani lórí àwòrán yìí. Irin tó wà létí ọ̀tún á hàn níbi tó wà, á sì tún ju òjìji kan sí ìhà òsì, lókè díẹ̀, tó tóbi, tó sì rí bàìbàì. Àwọn kan ti rí òjìji yẹtí, wọ́n sì ti pè é ní ohun tó ń hù nínú eegun. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ bọ́ yẹtí ọmọ, kí ẹ sì fi híjáàbù tí kò nílò pín-ìn-nì wọ̀ ọ́. Aṣọ lásán kò ṣèdíwọ́. (Ẹni tó bá tún rí tírà aláwọ tó ní irin nínú bọ́ lọ́rùn ọmọ lọ́jọ́ náà, kó fi sílẹ̀ ní bíbọ́. Àwọn àáfáà wa ti sọ tiwọn lórí ìyẹn.)

Ohun kan tún kù tó jẹ́ ti WhatsApp. Tí ẹ bá gbé fíìmù X-ray sókè sí iná tí ẹ fi fóònù yà á, ó rọrùn kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí yín. Ọ̀tún á di òsì. Mo mọ ìdílé kan tó fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko fi omi gbígbóná jó ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ọmọ wọn nítorí ohun tí wọ́n rò pé wọ́n rí lọ́tùn-ún. Súrátul-Ísíráì kìlọ̀ fún wa pé kí a má tẹ̀lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ nípa rẹ̀, àti pé a ó bi etí, ojú àti ọkàn léèrè. Fóònù kò kúrò lábẹ́ ìkìlọ̀ yẹn.

Ọmọ ni dókítà kọ́kọ́ wò

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà tó kọ ìwé X-ray fún wọn. Bàbá ọmọ náà gba àyè níbi iṣẹ́, ó tẹ̀ lé wọn. Ó na àwòrán sí dókítà kó tó jókòó. Dókítà gbà á, ó fi sílẹ̀ lórí tábìlì, ó kọjú sí ọmọ náà.

"Ṣé o ń lọ sí iléékéwú?"

"Ẹ̀n, mo ń lọ, sà."

"Ó dáa. Ka Fátíà fún mi, kí o la ẹnu dáadáa."

Ọmọ náà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dókítà jókòó níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò ní àgbọ̀n ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ó ní kó la ẹnu gbàgà, kó pa á dé, kó tún là á. Ó fi ìka méjì kan iwájú etí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ó ní kó to ìka mẹ́ta ara rẹ̀, ìka ìfábẹ̀lá, ti àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e, lé orí ara wọn, kó sì kì wọ́n bọ àárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Wọ́n wọlé. Ìgbà náà ló tó wá gbé àwòrán.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín pé ó yẹ̀?"

Bàbá náà ní àwọn kan níbi tí wọ́n ti yà á ni. Dókítà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn fi bírò tọ́ka sí ike tó wà láàárín eyín lórí àwòrán náà, ó sì ṣàlàyé ohun tí a ti kọ sókè yìí. Ó fi bí eyín òsì ṣe fẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ hàn wọ́n. Ìyá ọmọ wá rántí pé ṣe ni ọmọ náà ń yíjú wo òun ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ ń yí.

"Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá oríkèé ọmọ yín ń ṣiṣẹ́," dókítà ní, "ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ó ń là tó, ó ń là gún régé, kò dùn ún. Kò sí ohun tí mo fẹ́ ṣe sí oríkèé yìí."

Ohun tó ṣe yẹn ni ẹ̀yin náà lè ṣe nílé, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ dúró síwájú ọmọ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ wo àárín eyín iwájú ìsàlẹ̀ bí ó ṣe ń la ẹnu. Ṣé ó ń sọ̀ kalẹ̀ tààrà, àbí ó ń yà sí ẹ̀gbẹ́ kan? Ìka ọmọ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe tiyín. Bí oríkèé bá ń dún "kẹ́" nígbà míì láìsí ìrora, tí ẹnu sì ń là dáadáa, ẹ má torí rẹ̀ pàdánù oorun, àmọ́ kí ẹ mẹ́nu bà á fún dókítà eyín tí ẹ bá tún lọ.

Èyí tí kò yẹ ká fi ṣeré

Tí mo bá dúró síbi tí a dé yìí, mo lè ti ṣe ìkà fún ìdílé míràn. Nítorí àrùn oríkèé àgbọ̀n wà lóòótọ́ láàárín ọmọdé, ó sì máa ń bani nínú jẹ́ pé èyí tó ń ba ayé ọmọ jẹ́ kì í sábà fa ariwo ní WhatsApp.

Ọmọdé a máa ṣubú. Ó lè já bọ́ lórí àkàbà, lórí igi máńgòrò, lórí ọ̀kadà. Ó lè yọ̀ nídìí kànga. Tó bá fi àgbọ̀n balẹ̀, ibi tó bẹ́ lábẹ́ àgbọ̀n ni gbogbo ojú á máa wò. Wọ́n á rán an, ọgbẹ́ á jiná, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n agbára ìṣubú náà kì í dúró sí àgbọ̀n. Ó máa ń gba ara eegun lọ sókè dé iwájú etí, ó sì lè ṣẹ́ ọrùn eegun náà níbẹ̀ láìsí ọgbẹ́ kankan lójú awọ. Ọmọ kò ní fẹ́ la ẹnu nítorí ìrora. Àwọn òbí á máa fún un ní ògì àti omi ọbẹ̀, wọ́n á ní yóò lọ tó bá yá. Bí oríkèé bá sì wà láìmira fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú rẹ̀ lè yí padà di eegun, tí eegun àgbọ̀n á fi lẹ̀ mọ́ eegun orí.

Ọmọ tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní lè la ẹnu mọ́. Kò ní lè jẹ àkàrà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Pákò kò ní dé eyín ẹ̀yìn rẹ̀, wọn á sì máa jẹrà. Àgbọ̀n rẹ̀ kò ní dàgbà bó ṣe yẹ. Ojú rẹ̀ á máa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òmíràn a sì máa han-anrun gidigidi lóru nítorí ọ̀nà èémí tó há. Iṣẹ́ abẹ ńlá ni wọ́n fi ń tú irú oríkèé bẹ́ẹ̀, àti fún un ní oògùn oorun ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà ti jẹ́ wàhálà, nítorí ẹnu tí wọn ìbá gbà kò là. Bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá tètè rí i lọ́jọ́ tó ṣubú, ọ̀pọ̀ ọmọ kò nílò iṣẹ́ abẹ rárá. Oúnjẹ rírọ̀ fún ìgbà díẹ̀, oògùn ìrora, kí wọ́n sì máa kọ́ ọmọ láti máa la ẹnu díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ló máa ń tó.

Nítorí náà, ọmọ tó bá fi àgbọ̀n balẹ̀, tí ìrora wà níwájú etí rẹ̀, tí eyín rẹ̀ kò pàdé bíi ti tẹ́lẹ̀, tàbí tí àgbọ̀n rẹ̀ ń yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa àgbọ̀n rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn bàbá wa tó ń to eegun, ṣùgbọ́n oríkèé yìí kéré, ó sún mọ́ etí, ibi tí àgbọ̀n ti ń dàgbà sì wà lórí rẹ̀. Mi ò ní gbé ọmọ tèmi fún wọn níbẹ̀.

Etí tó ń ṣọyún náà kò yẹ ká fi sílẹ̀. Etí àti oríkèé yìí fara kan ara wọn, àrùn tó bá pẹ́ nínú etí ọmọ lè rìn dé ibẹ̀, ó sì lè fa lílẹ̀ kan náà. Epo gbígbóná tí a ń kán sí i kì í ṣe ìtọ́jú.

Àrùn oríkèé ọmọdé tún wà, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé 16 ọdún, tí wíwú tàbí líle oríkèé á sì kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Orúnkún tàbí ọrùn ọwọ́ ni a sábà máa ń rí. Ó lè wọ oríkèé àgbọ̀n láìsí ìrora, tí ẹnu á kàn máa kéré díẹ̀díẹ̀, tí àgbọ̀n kò sì ní dàgbà bó ṣe yẹ. Ọmọ tí ara rẹ̀ máa ń le láàárọ̀, tó ń ráre kó tó lè rúkúù dáadáa nígbà Súbúhì, ẹ má kàn pè é ní ọ̀lẹ. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, dókítà lè ní kí wọ́n ya MRI, tí kì í lo ìtànṣán X-ray, tó sì ń rí tìmùtìmù àti omi inú oríkèé.

Bí ẹnu ọmọ bá sì dì lójijì, tí ara rẹ̀ ń le gan-an, pàápàá tó bá ní ọgbẹ́, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Ó lè jẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Nípa yíyà á lẹ́ẹ̀kan sí i

Àwọn òbí kan máa ń bẹ̀rù X-ray pátápátá, àwọn mìíràn sì ń fẹ́ kí wọ́n tún un yà títí ọkàn wọn á fi balẹ̀. Ìtànṣán inú OPG kan kò pọ̀. Kò ju ohun tí ara wa ń gbà láti inú ilẹ̀, òfuurufú àti oúnjẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí dókítà bá ní òun nílò rẹ̀ nítorí eyín, ẹ jẹ́ kó yà á. Ṣùgbọ́n ara ọmọ tó ń dàgbà kò yẹ kó gba èyí tí kò wúlò, ìyẹn tó tilẹ̀ ń ya àwòrán láti gbogbo ìhà, tí wọ́n ń pè ní CT, sì ń lo ìtànṣán tó pọ̀ ju ti OPG lọ dáadáa. Ẹ gba fíìmù tàbí CD yín, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpò tó gbẹ, kí ẹ sì máa mú un lọ síbi gbogbo tí ẹ bá ń lọ, kí dókítà kejì má baà tún un yà. Bí iyèméjì bá wà, ní UCH Ìbàdàn, LUTH Ìdí-Àràbà, OAUTHC Ilé-Ifẹ̀ àti UITH Ìlọrin, ẹ̀ka ìtọ́jú eyín wà níbẹ̀ tí wọ́n lè wo àwòrán náà pẹ̀lú ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kí òbí bi dókítà nígbà tí wọ́n bá sọ pé àwòrán kò dára ni pé, "Ṣé ohun tí ẹ rí yìí bá ohun tó ń ṣe ọmọ mi lára mu?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí ohun tó ń ṣe ọmọ náà, ó ṣeé ṣe kí dókítà kàn ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kí òun tún wò ó. Ẹ má kọ̀ ọ́. Oríkèé tó ń dàgbà máa ń yí padà, ìwò tí a fi ọjọ́ sí sì sàn ju oògùn tí a kò mọ ìdí rẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún ọmọ Ìbàdàn náà, nítorí eyín iwájú tó ń gun ara wọn, tí ìdààmú oríkèé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú gbogbo ilé gbàgbé. Ìyá àgbà ṣì ń gba eegun ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkígbà tó bá lọ sí Ìwó. Dókítà ní òun kò ní bá ìyá jà lórí ìyẹn. Eegun líle lè ṣẹ́ eyín ọmọ lóòótọ́.